Eruku Òṣùpá, Ọ̀tá Tó Ń Bá Ni Wọlé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú Amẹ́ríkà nínú Apollo 17, ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n padà wọ inú ọkọ̀ wọn ní àfonífojì Taurus-Littrow lójú òṣùpá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tú afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, wọ́n sì ṣí akoto orí wọn. Òórùn kan ló kí wọn káàbọ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti ọdẹ rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ṣakabùlà tán mọ òórùn náà dáadáa: òórùn ẹ̀tù tó ti jó ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni kò yìnbọn níbẹ̀. Eruku tó lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí imú Schmitt fi dí, ohùn rẹ̀ wá ń jáde bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni Schmitt, àárín eruku ló ti ń jẹun láti kékeré iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ eruku yìí mú un.

Bí ọ̀rọ̀ òṣùpá bá délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn á sọ̀rọ̀ òtútù, ẹlòmíràn á mẹ́nu ba ìtànṣán olóró. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta ni àwọn ọ̀tá wọ̀nyí dúró sí. Ènìyàn lè mọ ògiri dí wọn, ó lè wọ aṣọ tó nípọn, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Eruku ló máa ń bá ni kọjá ẹnu ọ̀nà, tó ń bá ni jókòó, tó ń bá ni sùn, tó sì ń bá èémí wọlé. Àwọn ọkùnrin 12 tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá nínú ètò Apollo ti Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1969 sí 1972 ni ẹlẹ́rìí mi.

Kí n tó dé orí eruku, ó yẹ kí n fún àwọn yòókù ní ẹ̀tọ́ wọn, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tó pa ènìyàn.

Ní ọdún 1966, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Jim LeBlanc wọ aṣọ òfuurufú, ó sì wọ inú yàrá ńlá kan ní ibùdó NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní Houston. Yàrá yẹn ni wọ́n ti máa ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde kí ibẹ̀ lè rí bíi ojú òṣùpá. Ó fẹ́ dán aṣọ náà wò ni. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ náà já kúrò lójú ibi tí wọ́n so ó mọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14 ni LeBlanc lò kó tó dákú. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ohun ìkẹyìn tí òun rántí ni pé itọ́ ń hó lórí ahọ́n òun. Iná kankan kò sí níbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó àfi tí a bá gbé e kaná. Ká afẹ́fẹ́ yẹn kúrò, omi á máa hó nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Àwọn tó wà níta sáré da afẹ́fẹ́ padà sínú yàrá náà. Orí yọ LeBlanc. Etí dídùn nìkan ló bá a jáde. Lórí òṣùpá, kò sí ẹni tí yóò da afẹ́fẹ́ padà.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ kò fi dúró síbẹ̀ ni pé òṣùpá kéré, agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ. Afẹ́fẹ́ yòówù tí ì báà ní, oòrùn á gbóná sí i, á sì sá lọ díẹ̀díẹ̀ sínú òfuurufú. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, kò sí ohun tí yóò gbé ooru láti ibi kan dé ibòmíràn, kò sí ìkúukùu tí yóò ṣíji bo ni, kò sì sí ohun tí yóò pa ooru ọ̀sán mọ́ di òru. Ní agbedeméjì òṣùpá, ooru máa ń tó 120 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì ní ọ̀sán gangan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù á ti kọjá -130. Nínú àwọn kòtò kan tó wà lápá òkè àti ìsàlẹ̀ òṣùpá, tí oòrùn kò tàn sí láti ayébáyé, òtútù lé ní -240. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ ooru yìí ni ohun tí ọkọ̀ Chandrayaan-3 ti àwọn ará Íńdíà rí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Wọ́n ki irin tó ń wọn ooru bọ ilẹ̀ òṣùpá. Ojú ilẹ̀ gbóná ju 50 lọ. Ní sẹ̀ńtímítà 8 péré sí ìsàlẹ̀, ìyẹn bí ìwọ̀n gígùn ìka ọwọ́ kan, ó ti di -10.

Ọ̀sán òṣùpá kan tó nǹkan bí ọjọ́ 14 tiwa, òru rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Òru yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pẹ́ láyé. Àwọn ará Íńdíà fi ọkọ̀ wọn sùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pè é, wọ́n pè é, kò dáhùn mọ́.

Àwọn ará Ṣáínà ní ìtàn tiwọn, ó sì dùn mí ju ti ẹ̀rọ lọ. Ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Chang'e 4 gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn òṣùpá, apá tí kì í kọjú sí ayé, ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2019. Nínú agolo kékeré kan, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Chongqing di ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti oríṣiríṣi irúgbìn: òwú, ọ̀dùnkún, àtàwọn mìíràn. Òwú ló hù. Ewé rẹ̀ hàn nínú àwòrán, tínrín, ó ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri nínú agolo. Ohun ọ̀gbìn kankan kò hù lórí òṣùpá rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí òru dé, iná tó ń mú agolo náà móoru kú, òtútù inú rẹ̀ já wálẹ̀ dé -52, òwú sì kú. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ó dé òṣùpá.

Ti ìtànṣán olóró, ayé ní ààbò méjì tí òṣùpá kò ní: afẹ́fẹ́ tó nípọn, àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó yí ayé ká tó ń darí ìtànṣán gba ọ̀nà míì. Ẹ̀rọ kan tí àwọn ará Jámánì ṣe, tí Chang'e 4 gbé lọ, wọn ìtànṣán ojú òṣùpá, ó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i ti èyí tó ń ba àwọn tó ń gbé nínú ibùdó òfuurufú tó ń yí ayé po. Ìyẹn jẹ́ ti ọjọ́ tí ara oòrùn bá balẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, oòrùn bínú, ó sì tu ìjì ìtànṣán ńlá kan jáde. Apollo 16 ti padà sílé láti oṣù Kẹrin. Apollo 17 kò tíì gbéra títí di oṣù Kejìlá. Ká ní ìjì yẹn bá ẹnì kan tó ń rìn kiri lójú òṣùpá tòun ti aṣọ nìkan, àìsàn tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ì bá kó wálé. Oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí eruku.

Lórí ilẹ̀ ayé, omi ń yí òkúta, afẹ́fẹ́ ń gbá iyanrìn mọ́ra wọn, gbogbo igun á sì jẹ títí yóò fi dán. Ìdí nìyí tí iyanrìn etí odò kì í fi í gé ọmọdé tó ń fi í ṣeré. Lórí òṣùpá, fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún, òkúta ńlá àti kékeré ń já bọ́ láti òfuurufú lemọ́lemọ́, láìsí afẹ́fẹ́ tí yóò jó wọn kó tó di pé wọ́n balẹ̀. Wọ́n ń já síbẹ̀ títí dòní: ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2013, ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ balẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn kedere láti ayé, kòtò tó gbẹ́ sì fẹ̀ tó mítà 18. Ìgbàkígbà tí òkúta bá balẹ̀ bẹ́ẹ̀, á fọ́ ilẹ̀ wẹ́wẹ́, ooru rẹ̀ á yọ́ àpáta di olómi, olómi náà á tutù lójijì, á di dígí, dígí yìí á sì lẹ àwọn èérún mìíràn mọ́ ara wọn. Omi kò sí tí yóò yí i. Afẹ́fẹ́ kò sí tí yóò fọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ṣẹ́ kù ni eruku tó kúnná bí ìyẹ̀fun, tí etí rẹ̀ mú bí ìgò tí wọ́n gún nínú odó.

Mímú rẹ̀ nìkan kọ́. Ìtànṣán oòrùn ń kó agbára iná sí eruku náà lára, débi pé ohunkóhun tó bá súnmọ́ ni yóò lẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin Apollo ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kí wọ́n fi gbọn aṣọ wọn kí wọ́n tó wọlé. Gbígbọn yẹn ń mú díẹ̀ kúrò, ó sì ń ti ìyókù wọ inú aṣọ lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti mọ́dígáàdì. Nígbà tí Cernan àti Schmitt kọ́kọ́ jáde síta, òòlù tí Cernan kì bọ àpò aṣọ rẹ̀ kọ́ irin tó bo táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń wà kiri, ó sì ṣẹ́ ẹ. Ọkọ̀ tí kò ní mọ́dígáàdì lójú títì tiwa lè ta ẹrẹ̀ sí aṣọ ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹ̀rín ni a ó sì fi rín in. Lórí òṣùpá, táyà náà ń ju eruku sókè gan-an, ó sì ń rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí bí òjò. Eruku dúdú yìí ń mu ooru oòrùn. Tó bá bo bátìrì, bátìrì á gbóná ju bó ṣe yẹ. Tó bá bo gíláàsì akoto, ènìyàn kò ní ríran, tó bá sì nù ún, yóò ha á. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Lóru ọjọ́ náà, àwọn tó wà ní Houston ronú bí wọ́n á ṣe tún un ṣe. John Young, tó ti lọ sí òṣùpá nínú Apollo 16, wà lára wọn. Ní òwúrọ̀, Cernan àti Schmitt mú máàpù mẹ́rin tó nípọn, wọ́n fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n fi ohun ìfúnmọ́ tí wọ́n tú lára àtùpà inú ọkọ̀ so ó mọ́ ibi tí irin náà wà tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi parí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ná Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, àrà bíi ti mẹkáníìkì ojú títì ló gbà á là.

Àwọn ará Apollo 12 ti rí tiwọn ṣáájú, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Nígbà tí Pete Conrad àti Alan Bean gbéra kúrò lójú òṣùpá, gbogbo eruku tó ti jókòó sílẹ̀ ọkọ̀ dìde, ó ń léfòó nínú ọkọ̀ níwájú wọn, torí kò sí ohun tó ń fà á sílẹ̀ mọ́. Dick Gordon, tó dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀ ńlá tó ń yí òṣùpá po, wò wọ́n, ó sì ní wọn kò ní fi ìdọ̀tí yẹn ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ó ní kí wọ́n bọ́ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọni méjì tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí ṣe wọ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé ní ìhòòhò goloto. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti bá Gordon wí rí pé ó ṣe àṣejù.

Aṣọ Conrad tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jò lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kejì tó jáde pọ̀ ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń súnmọ́ ibi tí wọn kì bá ti jẹ́ kó jáde mọ́. Eruku ti wọ ojú ibi tí aṣọ ti pàdé ìbọ̀wọ́. Ní Apollo 17, òrùka tó so ìbọ̀wọ́ mọ́ aṣọ le débi pé yíyí rẹ̀ di iṣẹ́ agbára. Àwọn àpótí tí wọ́n fi di òkúta wálé, tó yẹ kí wọ́n dé láìní afẹ́fẹ́ ayé nínú rárá, eruku ti ha ẹnu púpọ̀ nínú wọn, afẹ́fẹ́ sì ti wọlé kí wọ́n tó dé yàrá ìwádìí. Ẹ sì rántí pé Apollo 17 tó pẹ́ jù lójú òṣùpá kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bá ka ìlérí àwọn tó ní àwọn fẹ́ kọ́ ìlú síbẹ̀, ohun tí mo máa ń wá ni orí tó sọ nípa ìbọ̀wọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní i.

Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Àwọn awakùsà àti àwọn tó ń fọ́ òkúta mọ ohun tí eruku òkúta ń ṣe fún àyà: ó máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, á dá egbò síbẹ̀, èémí á sì máa kúrú lọ́dọọdún. Ti òṣùpá burú ju ìyẹn lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó mú jù ú lọ. Èkejì, níbi tí òòfà ilẹ̀ kò bá tó nǹkan, èérún kéékèèké kì í tètè balẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n máa ń bá èémí lọ jìnnà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stony Brook ní Amẹ́ríkà mú ilẹ̀ tí wọ́n ṣe kó jọ ti òṣùpá, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì fi kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn àti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku nínú àwo. Nígbà mìíràn, ohun tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì náà ló kú. Dókítà kan tó ń bá àwọn ará Apollo tú aṣọ wọn nígbà tí wọ́n délé náà rí i lára: bó ṣe ń fara kan eruku yẹn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́ sí i.

Ẹni tó bá ní kò burú, a ó máa gbin nǹkan sínú ilẹ̀ òṣùpá jẹ, àwọn ará Yunifásítì Florida ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tí Apollo 11, 12 àti 17 kó wálé ni wọ́n lò, gíráàmù 12 péré, torí ó ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Ewéko kékeré tó ń jẹ́ Arabidopsis ni wọ́n gbìn. Gbogbo rẹ̀ hù, inú wọn sì dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán, gbòǹgbò rẹ̀ kò nà, àwọn kan yí àwọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ewéko náà ń bá ilẹ̀ jà bí ẹni tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń pète ibùdó kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà tí Apollo 12 gúnlẹ̀, ẹ̀rọ Surveyor 3 tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 1967 kò ju nǹkan bí mítà 160 sí wọn lọ. Conrad àti Bean rìn lọ bá a, wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé eruku tí iná ọkọ̀ Apollo 12 fẹ́ nígbà tó ń balẹ̀ ti gbá a lára, ó ti ha á, ó sì ti dá ihò kéékèèké sí i. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, eruku tí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbá kì í tètè rọlẹ̀. Yóò fò tààrà bí ọta. Ẹni tó bá ní ilé lórí òṣùpá, tí aládùúgbò rẹ̀ ń gúnlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹjọ́ wọn kò ní tán.

Gúúsù òṣùpá ni gbogbo ayé ń dù báyìí, torí omi dídì wà nínú àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé, orí àwọn òkè tó yí i ká sì wà tí oòrùn máa ń tàn sí fún ìgbà pípẹ́. Nàìjíríà náà ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Artemis nípa ìrìn àjò òṣùpá, tí Amẹ́ríkà ń darí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, òun àti Rùwáńdà, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Eruku nìkan ni kò bá wọn tọwọ́ bọ ọ́.

Ọgbọ́n méjì ni mo rí tó jọ mí lójú. Èkíní ni ti NASA: wọ́n ki wáyà tínrín sínú gíláàsì, wọ́n ń rán iná gba inú rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi ti eruku kúrò lójú gíláàsì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ Blue Ghost ti iléeṣẹ́ Firefly gbé e lọ sí òṣùpá ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó sì ṣiṣẹ́. Èkejì dùn mọ́ mi nínú jù, torí ó rọrùn: aṣọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ìta ni yóò máa dúró sí, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara ilé, ènìyàn yóò gba ihò ẹ̀yìn yẹn wọ inú rẹ̀, yóò ti ihò náà, yóò sì máa lọ. Tó bá dé, yóò fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ilé, yóò yọ jáde sínú yàrá, eruku yóò sì wà níta pẹ̀lú aṣọ. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí wọn kò tíì rọ́nà gbé e gbà dáadáa ni ti ọjọ́ tí aṣọ náà bá ya. Ibi tí ènìyàn ti lè jókòó, kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó sì fi abẹ́rẹ́ tàbí lẹ́ẹ̀ tún un ṣe, inú ilé ni.